Ṣé iṣẹ́ télọ̀ nìkan ni adití lè ṣe?

Ní ọ̀pọ̀ ilé, wọ́n ti dá ẹjọ́ ọmọ tán kó tó pé ọmọ ọdún mẹ́wàá. Adití ni? Ẹ mú un lọ kọ́ṣẹ́ télọ̀. Afọ́jú ni? Kó máa kọrin, tàbí kó jókòó sílé. Arọ ni? Ẹ bá a wá ẹni tó ń ṣe bàtà. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ìkà. Wọ́n kàn gbà pé ara ọmọ ti yan iṣẹ́ fún un ni, àti pé sùúrù àti àánú nìkan ni olùkọ́ lè fi kún un.

Ọ̀yọ́ ni kò yẹ kí irú èrò yìí ti rẹ́sẹ̀ walẹ̀. Ibẹ̀ ni Federal College of Education (Special), tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1977, wà, tó ń kọ́ àwọn tí yóò máa kọ́ akàndá ẹ̀dá. (Títí dòní, bí ọmọ kan bá ní òun gba àdímíṣọ̀n sí Special, ẹnì kan á bi í pé kí ló ṣe é. Kò sí nǹkan tó ṣe é! Akàndá ẹ̀dá àti ẹni tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá jọ ń kàwé níbẹ̀ ni.)

Kì í sábà jẹ́ gbogbo iṣẹ́ ló ń ṣòro fún ọmọ. Ibì kan bíńtín nínú rẹ̀ ni. Ẹ wo adití tó fẹ́ hun aṣọ òfì. Ojú ni gbogbo èèyàn fi ń kọ́ òfì: ọ̀gá á máa hun ún, ọmọṣẹ́ á máa wo ọwọ́ rẹ̀. Ìgbà tí oníbàárà bá dé ni wàhálà bẹ̀rẹ̀: àwọ̀ wo, èló, ọjọ́ wo? Olùkọ́ tó mọṣẹ́ á lẹ àwọ̀ òwú mọ́ káàdì, á kọ iye owó sí i, á sì kọ́ ọ̀gá gan-an ní ìwọ̀nba èdè adití tí wọ́n nílò lóòjọ́.

Tàbí ọmọ tí ọpọlọ rẹ̀ kì í tètè gba ẹ̀kọ́, tó ń ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń ṣe búrẹ́dì. Ẹ ní kó ka mẹ́wàá sínú àpò, ó lè ka mẹ́jọ, ó lè ka méjìlá. Ẹ gbé páálí olójú mẹ́wàá síwájú rẹ̀, kó fi búrẹ́dì kan sí ojú kọ̀ọ̀kan. Bí páálí bá ti kún, ó pé nìyẹn. Ẹ̀kọ́ ni olùkọ́ fi ń mọ bí a ṣe ń gé iṣẹ́ sí wẹ́wẹ́ báyìí.

Ti afọ́jú, ọ̀fẹ́ ni NVDA, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń ka ohun tó wà lójú rẹ̀ sókè. A lè fi kọ lẹ́tà, a lè fi ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì.

Wọ́n tún máa ń ní kí ọmọ kọ́kọ́ jáde ìwé ká tó ronú iṣẹ́. Ó ti pẹ́ jù nígbà yẹn. Ní Amẹ́ríkà, òfin ní kí ètò iṣẹ́ ti wà nínú ìwé ètò ẹ̀kọ́ irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ó pẹ́ tán, nígbà tó bá pé ọmọ ọdún 16. Nílé wa níbí, òfin tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2019 ní kí ilé iṣẹ́ ìjọba sapá kí akàndá ẹ̀dá tó 5% nínú òṣìṣẹ́ wọn. Ta ni yóò gba ipò wọ̀nyẹn bí kò bá sẹ́ni tó múra ọmọ sílẹ̀ láti SS1? Lójú tèmi, ó yẹ kí ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, tó ń ṣe TP (ìdánrawò ìkọ́ni), lo apá kan nínú rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù àti ọ́fíìsì, torí ìṣòro tí yóò bá ọmọ yanjú kò sí lójú pátákó.

Mímú ọmọ lọ síbi iṣẹ́ kò tíì tó. Adití lè lo ọdún mẹ́ta lọ́dọ̀ ọ̀gá, kó jẹ́ pé ilẹ̀ ló ń gbá, omi ló ń pọn, nítorí kò sẹ́ni tó wá bi í pé kí ló ti mọ̀. Ẹ kọ ohun tó gbọ́dọ̀ mọ̀ sínú ìwé àdéhùn. Bó bá jẹ́ fóònù títúnṣe: kó kọ́kọ́ mọ bí a ṣe ń tú u, ká tún un tò, lẹ́yìn ìyẹn, ojú fóònù pípààrọ̀, lẹ́yìn náà, fífi mítà wá ibi tó bàjẹ́. Kí olùkọ́ máa yà síbẹ̀ lóṣooṣù pẹ̀lú ìwé náà lọ́wọ́, títí ọmọ yóò fi ṣe fúrídọ̀mù.