Òòfà ọrùn ọwọ́ kò lè dé egungun ìbàdí

Ìyá kan na ẹ̀gbà ọwọ́ olóòfà sí mi. "Dókítà, wọ́n ní èyí á mú egungun mi le. Ṣé kí n dá oògùn egungun mi dúró?"

"Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá a dúró o."

Egungun kì í ṣe òkúta. Lójoojúmọ́ ni àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ń wó èyí tó ti gbó lulẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń mọ tuntun sí ipò rẹ̀, bí ìgbà tí èèyàn ń tún ògiri mọ. Tí èèyàn bá ti lé ní nǹkan bí ẹni ọdún 30, àwọn tó ń wó a máa borí díẹ̀díẹ̀, ó sì máa ń yára gan-an lára obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dáwọ́ dúró. Àwọn tó ń gbé inú gbalasa òfuurufú, tí ẹsẹ̀ wọn kò gbé ìwúwo ara, lè pàdánù tó ìdá 1 nínú 100 egungun ìbàdí wọn láàárín oṣù kan péré.

Òótọ́ ni pé àwọn onímọ̀ ń ṣèwádìí lórí òòfà tí agbára rẹ̀ dúró sójú kan. Wọ́n ti fi í sẹ́bàá egungun eku, nínú àwọn kan lára ìwádìí yìí, egungun náà kò fúyẹ́ tó ti àwọn tí kò ní òòfà. Iṣẹ́ gidi ni, inú mi sì dùn sí i. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n agbára ló ń pinnu ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Tesla ni a fi ń wọn agbára òòfà. Nígbà tí wọ́n fi agbára tesla 16 sí sẹ́ẹ̀lì inú àwo, ó dín àwọn tó ń wó egungun kù, tesla 0.2 sì mú kí wọ́n pọ̀ sí i. Ẹ̀rọ MRI ilé ìwòsàn, tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara, fúnra rẹ̀ kì í sábà ju tesla 3 lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ rántí jù ni ti jíjìnnà. Bí ẹ bá sún òòfà kékeré jìnnà ní ìlọ́po méjì, agbára rẹ̀ á já sí nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́jọ. Itan eku kò ju ìka ọwọ́ lọ, òòfà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Ìbàdí àti ọ̀pá ẹ̀yìn wa, tí kíkán wọn ń dá èèyàn dùbúlẹ̀, wà jìn sínú ẹran ara. Kí ni ẹ̀gbà ọrùn ọwọ́ fẹ́ ṣe níbẹ̀?

Ẹ má sì pa á pọ̀ mọ́ ẹ̀rọ oníná tó ń mú agbára òòfà jáde, tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí lọ́dún 1979 fún egungun tó kán tó kọ̀ tí kò jinná. Agbára tìyẹn ń lọ ó ń bọ̀ ni, kò dúró sójú kan.

Ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ tó ń darí lílù ọkàn sí àyà rẹ̀ gbọ́dọ̀ jìnnà sí òòfà pátápátá, torí ó lè da iṣẹ́ ẹ̀rọ náà rú.

Ìrìn, gígun àtẹ̀gùn, gbígbé ẹrù tí agbára yín ká, oúnjẹ tí kálísíọ̀mù wà nínú rẹ̀, fítámì D, àti oògùn tí dókítà bá kọ lẹ́yìn àyẹ̀wò ìwọ̀n egungun: ìwọ̀nyí ni a ti dán wò lára èèyàn.

Mo bi ìyá náà bóyá ẹ̀rọ wà ní àyà rẹ̀. Kò sí. Ó ṣì ń wọ ẹ̀gbà rẹ̀ torí ó wù ú, ó sì ń lo oògùn rẹ̀.