ATP tí kì í jó: bí ilẹ̀kùn kálísíọ́mù inú iṣan ṣe ń ṣiṣẹ́

Ohun tí wọ́n máa ń kọ́ni nípa ATP ni pé epo ni: sẹ́ẹ̀lì á fọ́ ọ, agbára á jáde, iṣẹ́ á sì lọ. Òótọ́ ni. Àmọ́ ibì kan wà nínú iṣan tó so mọ́ eegun tí ATP ti ń ṣiṣẹ́ láìfọ́ rárá. Ó wọlé, ó jókòó, ìjókòó yẹn gan-an sì ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ojú ilẹ̀kùn kálísíọ́mù tí wọ́n ń pè ní RyR1 nibẹ̀. Kí iṣan tó lè súnkì, kálísíọ́mù gbọ́dọ̀ tú jáde láti inú àpò kan nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní sarcoplasmic reticulum. Bí iṣan bá ń sinmi, kálísíọ́mù tí kò so mọ́ nǹkan kan nínú àpò yìí fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà ju ti ìta àpò lọ. RyR1 ló ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀. Ilẹ̀kùn ńlá ni: ègé purotéènì mẹ́rin ló para pọ̀ dá a, ègé kọ̀ọ̀kan sì ní amino acid (ẹyọ kéékèèké tí purotéènì fi ń di odindi) tó lé ní 5,000.

Àṣẹ ọpọlọ ló ń kan ilẹ̀kùn náà. Iná mànàmáná á sáré gba ara awọ sẹ́ẹ̀lì, purotéènì kan nínú awọ náà tó fara kan RyR1 á yí padà, ilẹ̀kùn á sì ṣí.

Ṣùgbọ́n kíkàn nìkan kò tó, torí ẹlòmíràn ń ti ilẹ̀kùn yìí pa. Mágnísíọ́mù ni. Ó máa ń gba ìjókòó tó yẹ kí kálísíọ́mù fi ṣí ilẹ̀kùn, ó sì tún ní ìjókòó mìíràn tó fi ń tì í pa. ATP ló ń fà á sí ìhà kejì. Ní ọdún 2016, àwòrán tí wọ́n fi máíkírósíkóòpù ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù yà fi ìjókòó ATP hàn kedere: ọ̀kan lára ègé kọ̀ọ̀kan, mẹ́rin lápapọ̀, nítòsí ihò tí kálísíọ́mù ń gbà kọjá, kò sì jìnnà sí ibi tí kálísíọ́mù fúnra rẹ̀ ń jókòó sí. Bí àwọn méjèèjì bá wà níjòókòó, ilẹ̀kùn á máa ṣí ju bí ọ̀kan nìkan ṣe lè ṣí i lọ.

Báwo ni wọ́n ṣe mọ̀ pé kì í ṣe jíjó ni ATP ń jó níbẹ̀? Wọ́n lo AMP-PCP, àfarawé ATP tí sẹ́ẹ̀lì kò lè fọ́, ilẹ̀kùn sì ṣí síbẹ̀. ADP àti AMP, ìyẹn ohun tó ń ṣẹ́ kù bí ATP bá ti fọ́, náà lè gba ìjókòó yẹn, àmọ́ agbára wọn láti ṣí i kò tó nǹkan.

Ìgbà tí ó bá rẹ iṣan ni ọgbọ́n ètò yìí hàn jù. Lọ́jọ́ gbogbo, ATP inú iṣan tó mílímólà 5 sí 8 (òṣùwọ̀n bí nǹkan ṣe pọ̀ tó nínú omi ni mílímólà), ó sì pọ̀ ju ohun tí ilẹ̀kùn nílò lọ, nítorí náà ìdínkù díẹ̀ kì í hàn lára RyR1. Bí iṣan tó ń yára súnkì bá ṣiṣẹ́ dé góńgó, ATP lè já wálẹ̀ sí mílímólà 1 tàbí 2. Wàhálà sì di méjì lẹ́ẹ̀kan náà. ATP ló ń di púpọ̀ nínú mágnísíọ́mù mú. Bó bá ti fọ́, mágnísíọ́mù á tú sílẹ̀, á sì pọ̀ sí i. Ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn dín kù, ẹni tó ń tì í sì pọ̀ sí i. Kálísíọ́mù tó ń jáde á kéré, ìsúnkì á sì rọ.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ka èyí sí ààbò, ìdí rẹ̀ sì lágbára. Purotéènì tó ń fa kálísíọ́mù padà sínú àpò máa ń fọ́ ATP kan fún kálísíọ́mù méjì. Bí ilẹ̀kùn bá ń ṣí lọ láìsí ATP tó tó, kálísíọ́mù kò ní lè padà sínú àpò mọ́, okùn inú iṣan á di ara wọn mú, wọn ò sì ní lè jáwọ́, torí ATP náà ló ń tú wọn. Bí ìsinmi bá dé, tí sẹ́ẹ̀lì sì tún ATP ṣe, mágnísíọ́mù á padà so mọ́ ọn, ATP á sì padà sórí ìjókòó rẹ̀ lára RyR1.