Àìsàn Iṣẹ́-Àìrán

Ẹni tó kọ́kọ́ pe họ́mọ́nù, ohun tí ẹ̀yà ara kan ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi pàṣẹ fún òmíràn, ní "omi ara" ló kó àwa tó ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ ìṣègùn sí Yorùbá sí wàhálà yìí. Òógùn ńkọ́? Itọ́ ńkọ́? Nígbà tí Ernest Starling, onímọ̀ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, gbé ọ̀rọ̀ họ́mọ́nù kalẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù lọ́dún 1905, inú èdè Gíríìkì ló ti fà á yọ: ohun tó ń ta nǹkan jí. Iṣẹ́ tó ń jẹ́ ló wò, kò wo bó ṣe ń ṣàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń pè é ní ìránṣẹ́ ara. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Ọ̀ffà ní "òjíṣẹ́" dùn jù ú lọ. Ó lè dùn ní Ọ̀ffà. Ní Ìlọrin níbí, ẹ wí òjíṣẹ́ lójú àwọn áfáà, kí ẹ tó dákẹ́ wọ́n á ti máa ṣe àsàlátù fún Ànábì.

Ti jẹjẹrẹ tó ń pèsè ìránṣẹ́ tirẹ̀ ló tún burú. Ẹnìkan tú àìsàn tó ń tìdí ẹ̀ yọ sí "àrùn ẹ̀gbẹ́ jẹjẹrẹ". Ẹni tó bá kà á á máa fọwọ́ tẹ ìhà ara rẹ̀ wò! Àìsàn iṣẹ́-àìrán lèmi pè é.

Ẹ wò ó báyìí. Dógárì, ẹ̀ṣọ́ ọba, wé láwàní jáde láàfin, ó dé ilé Balógun Gàm̀bàrí: ọba ní ẹ kó iṣu wá. Wọ́n kó o. Bí iṣu bá tó, ààfin á dá dógárì dúró. Àfi bí ẹnìkan ṣe jókòó sínú ṣọ́ọ̀bù kan ní Ọjà Ọba tó rán aṣọ dógárì sọ́rùn, tó ń kan ilẹ̀kùn kan náà láàárọ̀, lọ́sàn-án, lóru. Ààfin ti dákẹ́ o. Òun kò dákẹ́. Ta ló rán an tí yóò pè é padà? Ìránṣẹ́ ara ni dógárì, ilé Balógun ni ẹ̀yà ara tó ń gbàṣẹ, jẹjẹrẹ sì ni ṣọ́ọ̀bù yẹn.

Jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, irú tí sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ kéré, ló mọ̀ ọ́n ṣe jù. Ó ń pàṣẹ fún àwọn ẹ̀yà ara kékeré méjì tó jókòó lórí kíndìnrín. Ìfúnpá á ga, ṣúgà á gòkè, itan á rọ, onítọ̀hún á fọwọ́ ti ilẹ̀ kó tó dìde lórí ẹní. Ó sì lè ní kí kíndìnrín di omi mú, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu aláìsàn á dàrú. Àwọn jẹjẹrẹ mìíràn a máa gbé kálísíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ ga. Bóyá aṣọ dógárì gidi ni wọ́n wọ̀ tàbí èyí tó jọ ọ́, ẹjọ́ télọ̀ nìyẹn.

Àwọn dókítà ní oògùn tí kò ní jẹ́ kí ará ilé Balógun dá a lóhùn, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni wọ́n ń wá.

Ọ̀rẹ́ mi ará Ọ̀ffà ní òun á gba "iṣẹ́-àìrán" bí mo bá gba "òjíṣẹ́". N kò gbà.