Báwo ni Obama ṣe wọlé ìbò àkọ́kọ́ ẹ̀ láìsí ẹni tó bá a du ú?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, wọ́n ní ìgbà àkọ́kọ́ tí Obama máa du ipò, kò sẹ́ni tó bá a du ú nínú pátì ẹ̀. Ṣé wọ́n bẹ àwọn tókù ni àbí wọ́n fowó rà wọ́n?

Wọn ò bẹ ẹnikẹ́ni, wọn ò sì ra ẹnikẹ́ni. Fọ́ọ̀mù ló lé wọn lọ. Ọ̀rọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ màmá kan tó ń jẹ́ Alice Palmer, òun ni sẹ́nétọ̀ tó ń ṣojú Hyde Park àti àyíká ẹ̀ ní gúúsù Chicago nílé aṣòfin ìpínlẹ̀ Illinois. (Ìpínlẹ̀ o, kì í ṣe ilé aṣòfin àpapọ̀ ní Washington, ọ̀pọ̀ ló máa ń pa méjèèjì pọ̀.) Lọ́dún 1995 àga kan ṣófo ní Washington, màmá ní òun fẹ́ lọ síbẹ̀, Obama náà ní tó bá rí bẹ́ẹ̀ òun á du èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀. September ló kéde ẹ̀ nínú òtẹ́ẹ̀lì kan ní Hyde Park, Palmer fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀ tó ń tì í lẹ́yìn. Àfi bó ṣe di November tí màmá fìdí rẹmi, Jesse Jackson Jr. ló gbégbá orókè, ipò kẹta ni Palmer ṣe. Làwọn èèyàn ẹ̀ bá ní kó padà wá gba àga ẹ̀, kí ọmọdé yẹn sún fún un. Ọmọdé ò sún.

Ìbéèrè: Fọ́ọ̀mù wá ńkọ́?

Níbẹ̀, kórúkọ èèyàn tó lè wọ ìwé ìdìbò, àwọn olùdìbò tó ń gbé ní agbègbè yẹn gan-an gbọ́dọ̀ sáìnì fún un lórí fọ́ọ̀mù. Lọ́dún náà, 757 ni wọ́n ń fẹ́. Palmer sáré kó nǹkan bí 1,580 jọ, December 18 ló kó o wá, ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ ti ilẹ̀kùn. Tẹ́ẹ bá wò ó lójú lásán ẹ máa ní ó ti pé, ó tún ṣẹ́kù rẹpẹtẹ.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ January 1996 làwọn èèyàn Obama gba ọ́fíìsì àjọ ìdìbò Chicago lọ, wọ́n jókòó ti rẹ́jísítà, wọ́n ń tọ orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà. Èyí ò forúkọ sílẹ̀ láti dìbò, ẹ yọ ọ́. Èyí ń gbé lódìkejì títì, agbègbè ẹlòmíì nìyẹn, ẹ yọ ọ́. Èyí kọ orúkọ ẹ̀ ní lẹ́tà gàdàgbà bí ọmọ jẹ́léósinmi dípò kó sáìnì, ẹ yọ òun náà. Kódà àwọn kan wà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ kúrò nínú rẹ́jísítà, àwọn fúnra wọn lè má mọ̀. Ọ̀kan lára àwọn tó fẹ́ du ipò náà, Gha-is Askia, 1,899 ló kó wá, ìgbà tí wọ́n ṣà á tán ó ku 69 kó pé! Palmer náà rí i pé tòun ò lè dúró, ó kó ẹrù ẹ̀. Mẹ́rin ni gbogbo wọn, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ. Bí Obama ṣe dá wà nínú ìdìbò abẹ́lé oṣù March nìyẹn, ìdìbò gbogbogbòò ti November ò sì yọ ọ́ lẹ́nu, ó mú nǹkan bí ìpín 82 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè: Ṣé ìyẹn kì í ṣe èrú?

Kì í ṣe èrú, òfin gbà á, wọ́n sì ti ń ṣe é tipẹ́ ní Chicago. Ṣùgbọ́n témi ni pé kò dùn létí, torí ọkùnrin yìí kan náà ló ṣáájú iṣẹ́ fífi orúkọ olùdìbò sílẹ̀ ní 1992 káàkiri ìlú yẹn, wá wo bó ṣe wá ń yọ orúkọ. Nílé wa ńbí, ẹ̀yìn ìbò la máa ń kó lọ́yà lọ sí tìríbúnà. Tiwọn, kí ẹnikẹ́ni tó dìbò rárá ni.

Ìbéèrè: Ìgbà tó débẹ̀ kí ló ṣe?

January 1997 ló wọlé. Sẹ́nétọ̀ 59 ló wà ní Springfield, olú-ìlú Illinois, Republican, ìyẹn pátì alátakò, ló pọ̀ jù fún ọdún mẹ́fà, kò fi bẹ́ẹ̀ rí nǹkan ṣe. Ẹ máa gbọ́ tí wọ́n ń bú u pé ó máa ń dìbò “present”, ìyẹn ni pé mo wà ńbí ṣùgbọ́n mi ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, mi ò sọ rárá. Ó ṣe é tó ìgbà 129. Ohun táwọn èèyàn ò mọ̀ ni pé “bẹ́ẹ̀ ni” 30 ni àbádòfin nílò kó tó kọjá, torí náà “present” ò yàtọ̀ sí “rárá”, kò kàn pariwo ni. Ìgbà tí Democrat, pátì Obama, gba ilé ní 2003, tí Emil Jones di olórí, ni ọwọ́ ẹ̀ tó lọ síbi iṣẹ́: òun ló gbé òfin tó ní kí ọlọ́pàá máa ká fídíò sílẹ̀ tí wọ́n bá ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tí wọ́n fura sí pé ó pààyàn lẹ́nu wò, àti èyí tó ní kí wọ́n máa kọ ẹ̀yà awakọ̀ tí wọ́n bá dá dúró sílẹ̀.

Ìbéèrè: Kò wá fìdí rẹmi rí?

Há, ó fìdí rẹmi o! Lọ́dún 2000 ó lọ bá Bobby Rush du àga ní Washington, Rush tó ti wà lára Black Panther látijọ́, ẹgbẹ́ àwọn aláwọ̀dúdú tó ń jà fún ẹ̀tọ́ wọn, tí gbogbo ìgboro mọ̀. Rush mú ìpín 61 nínú ọgọ́rùn-ún, Obama mú 30. Wọ́n ní ọmọ ìwé ni Obama, kì í ṣe ọmọ àdúgbò. Ó tún wá lọ sí Hawaii fún Kérésì, ọmọ ẹ̀ ṣàìsàn níbẹ̀, ni wọ́n bá dìbò lórí òfin ìbọn lẹ́yìn ẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò tíì pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n yìnbọn pa ọmọ Rush. Ìwé ìròyìn ò dá a sí.

Ó padà sí Springfield. Lọ́dún 2001 wọ́n ní kí wọ́n tún ààlà agbègbè ìdìbò yà, wọ́n ṣẹ́ kèké lórí pátì tó máa yà á, ó bọ́ sọ́wọ́ Democrat, Obama sì lọ jókòó nídìí kọ̀ǹpútà pẹ̀lú ẹni tó ń ya máàpù, ó ń wo bí agbègbè tiẹ̀ ṣe ń lọ sókè ní àríwá, dé ọ̀dọ̀ àwọn olówó tó wà lẹ́bàá adágún. Ìbò 2002 dé, kò sẹ́ni tó bá a du ú. Lọ́tẹ̀ yìí ẹnikẹ́ni ò ṣa orúkọ.