Bí Fídíò àti Fóònù Ṣe Wọ Ẹ̀kọ́ Àwọn Tíṣà Sáyẹ́ǹsì

Ọ̀yọ́ ti ń kọ́ tíṣà tipẹ́. Abẹ́òkúta ni àwọn CMS, ìjọ míṣọ́nnárì Áńgílíkà láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti dá ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ wọn sílẹ̀ ní 1853. Ìfọ́lé ọdún 1867, nígbà tí wọ́n lé àwọn míṣọ́nnárì òyìnbó kúrò nílùú, ló lé e dé Èkó, ó sì dé Ọ̀yọ́ ní 1896, níbi tó ti wá di St. Andrew's College. Láyé ìgbà yẹn, bí akẹ́kọ̀ọ́ bá ń kọ́ ọmọdé, ọ̀gá á jókòó sẹ́yìn kíláàsì, á máa kọ àbùkù rẹ̀ sínú ìwé. Akẹ́kọ̀ọ́ kì í rí ara rẹ̀. Bí wọ́n bá ní ó kẹ̀yìn sí àwọn ọmọ jù, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló gbọ́.

Ní 1963, ní Yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà, Dwight Allen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé microteaching kalẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ á kọ́ ọmọ mélòó kan fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lórí ọgbọ́n ìkọ́ni kan ṣoṣo, bóyá bí a ṣe ń béèrè ìbéèrè. Wọ́n á gbà á sórí fídíò, wọ́n á jọ wò ó, lẹ́yìn náà á tún ẹ̀kọ́ yẹn kọ́ fún àwọn ọmọ mìíràn. Àtúnṣe ojú ẹsẹ̀ yìí ló wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀. Téèpù ni fídíò ìgbà náà, ẹ̀rọ rẹ̀ sì wọ́n bí ojú.

Nàìjíríà gba ètò yìí, ó sì di dandan fún ẹni tó ń ṣe NCE, ìwé ẹ̀rí olùkọ́, kó tó lọ sí TP, ìyẹn ìdánrawò ìkọ́ni nílé ẹ̀kọ́. Ṣùgbọ́n níbi tí kò sí kámẹ́rà, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹni ló ń ṣe bí ọmọ, a sì padà sí ìwé àbùkù. Fóònù ló tún ọ̀ràn náà ṣe.

Ẹ wo ẹni tó ń kọ́ Prámárì Márùn-ún nípa iná mànàmáná, tó mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì, wáyà àti glóòbù dání. Ó béèrè pé, "Kí ló dé tí glóòbù yìí ò tàn?" Àwọn ọmọ ò tíì ronú kàn án tó ti dá ara rẹ̀ lóhùn. Ìgbà tó bá wo fídíò ló máa rí ọwọ́ ọmọ kan lókè lẹ́yìn, tó ti nà á tipẹ́.

Sáyẹ́ǹsì fúnra rẹ̀ tún ńkọ́? Tíṣà prámárì kan ṣoṣo ló sábà ń kọ́ gbogbo iṣẹ́, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ṣì gbà pé glóòbù ń jẹ iná tán, bẹ́ẹ̀ kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2002, Carl Wieman, tó gba ẹ̀bùn Nobel nínú físíìsì ní 2001, dá PhET, ètò orí kọ̀ǹpútà tí a fi ń ṣe àfarawé àyẹ̀wò sáyẹ́ǹsì, sílẹ̀ ní Yunifásítì Colorado ní Boulder. Ọ̀fẹ́ ni. Lójú fóònù, tíṣà á to bátìrì, wáyà àti glóòbù pọ̀; àwọn bọ́ọ̀lù kéékèèké aláwọ̀ búlúù, ìyẹn elẹ́kítírọ́ọ̀nù, á máa yí ká. Iye tó wọ glóòbù náà ló ń jáde. Bó bá so orí bátìrì mọ́ ìdí rẹ̀ láìfi glóòbù sáàárín, iná á sọ lára bátìrì.

Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀, àmọ́ kó má gba ipò bátìrì gidi. Ọmọ gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan wáyà.

Èdè ló wá kù, ó sì ká mi lára. Ní 1970, Babs Fafunwa, ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ ẹ̀kọ́, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ní Ilé-Ifẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ prámárì, títí kan sáyẹ́ǹsì, àwọn ọmọ náà sì ṣe dáadáa ju àwọn tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ lọ. Wọ́n ní láti kọ ìwé tuntun, kí wọ́n sì dá àwọn tíṣà rẹ̀ lẹ́kọ̀ọ́. Lónìí, bí tíṣà kan tó mọ̀ ọ́n kọ́ bá fi Yorùbá kọ́ ẹ̀kọ́ bátìrì yìí ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n sì gbà á sílẹ̀, àwọn tó ń múra TP ní Ògbómọ̀ṣọ́ lè wò ó kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ wa ló yẹ kó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n sì fi ti Prámárì Kìíní ṣáájú.