Ibi Tí Àfòmọ́ Ìparí Ọ̀rọ̀ Àpèjúwe Èdè Jámánì Ti Ṣẹ̀

Ọ̀rọ̀ àpèjúwe èdè Jámánì kì í dúró sójú kan. "Ein alter Mann" ni baba àgbàlagbà kan, "der alte Mann" ni baba àgbàlagbà náà, bí a bá sì fún un ní nǹkan, ó di "dem alten Mann". Àwọn kan gbà pé àwọn olùkọ́ gírámà ló hùmọ̀ wàhálà yìí. Irọ́ ni, nítorí pé Bíbélì tí Bíṣọ́ọ̀bù Wulfila túmọ̀ sí èdè Gọ́tì, ìbátan èdè Jámánì, ní ọ̀rúndún kẹrin ti ní oríṣi méjèèjì: "blinds" ni afọ́jú lásán, "sa blinda" sì ni afọ́jú náà, tó ń di "þamma blindin" bí a bá fún un ní nǹkan.

Èrò tí mo fara mọ́ ni pé inú orúkọ ìnagijẹ ni "n" tó parí "alten" àti "blindin" yìí ti jáde. Ní èdè Látìnì, "catus" ni olóye, "Cato, Catonis" sì di orúkọ ènìyàn. Ní èdè Gíríìkì, "strabos" ni ẹni tí ojú rẹ̀ kò wo ọ̀kánkán, òun náà sì di Strabon. Iṣẹ́ tí "n" ń ṣe níbẹ̀ kò jìnnà sí ti "oní" lọ́dọ̀ wa, tó ń sọ ọgbọ́n di ọlọ́gbọ́n. Bí wọ́n bá sì ti ń pe ẹnìkan ní Ọlọ́gbọ́n ládùúgbò, kò sí ẹni tó tún ń béèrè ẹni tí à ń wí. Lójú tèmi, irú orúkọ bẹ́ẹ̀ ló ń bá ọ̀rọ̀-orúkọ rìn lemọ́lemọ́ títí ó fi di àpèjúwe ohun tí a ti mọ̀.

Oríṣi tó kù, ti "blinds" àti "alter", yá púpọ̀ nínú àfòmọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀rọ̀ atọ́ka. Gọ́tì ní "þamma", ó sì ní "blindamma". Jámánì ní "dem", ó sì ní "altem". Nínú "mit altem Wein" (pẹ̀lú ọtí wáìnì tó ti pẹ́), àpèjúwe ló ru ẹrù tí "dem" ì bá rù. Bí "dem" bá ti wà níwájú, àpèjúwe á sọ ẹrù náà kalẹ̀, á sì di "alten".

Lẹ́yìn náà, àwọn fáwẹ̀lì ìparí rọ di "e" nítorí pé sílébù àkọ́kọ́ ni ohùn ń tẹ̀, "gutes Mutes" (pẹ̀lú inú dídùn) sì yí padà di "guten Mutes". Jacob Grimm, onímọ̀ èdè ará Jámánì, tí apá kìíní gírámà rẹ̀ jáde ní ọdún 1819, ló pe oríṣi tó jọ atọ́ka ní alágbára, tó sì pe oríṣi oní-"n" ní aláìlera. N kò fara mọ́ orúkọ kejì yẹn, nítorí pé "n" tó sọ Cato di ẹni mímọ̀ ló fi bẹ́ẹ̀ tàbùkù.