Kọ̀ǹpútà tó ń falẹ̀ lórí nẹ́tíwọ̀kì ọ́fíìsì kékeré

Ní ọ́fíìsì tí kọ̀ǹpútà mẹ́wàá tàbí ogún ti jọ ń lo fáìlì orí sáfà kan (kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú fáìlì fún gbogbo wọn), "nẹ́tíwọ̀kì ò dáa" ni òṣìṣẹ́ sábà máa ń wí, kódà nígbà tó jẹ́ pé ẹ̀rọ iwájú rẹ̀ nìkan ló ń yọnu. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni pé kí a yọ wáyà nẹ́tíwọ̀kì, kí a ṣí fáìlì tó wà nínú ẹ̀rọ náà gan-an. Bí ó bá ṣì ń falẹ̀, nẹ́tíwọ̀kì kọ́.

Títẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀ ló ń ṣí Task Manager, ojú ìwé Windows tó ń fi bí ẹ̀rọ ṣe ń ṣiṣẹ́ hàn. Bí Disk bá dúró sí 100% fún ìṣẹ́jú púpọ̀ láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ń ṣiṣẹ́ gidi lórí ẹ̀rọ, hard disk àtijọ́ tó ń yí ni a sábà máa ń bá níbẹ̀. SSD, disk tí kò ní ohun tó ń yí, ni oògùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí a wo Memory kí a tó dá disk lẹ́bi. Bí RAM (ìyẹn Memory náà) 4 GB bá ti kún, Windows á máa kó ohun tí kò gbà sórí disk, disk á sì dà bí ẹlẹ́ṣẹ̀. RAM 8 GB ló yẹ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀.

Bí fáìlì inú ẹ̀rọ bá ń yá, tó jẹ́ ti sáfà ló ń falẹ̀, a ó yẹ ọ̀nà wò. Àṣẹ ipconfig, tí a ń tẹ̀ sínú Command Prompt, ń fi àdírẹ́sì router (ẹ̀rọ tó so ọ́fíìsì mọ́ íntánẹ́ẹ̀tì) hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Default Gateway. Bí ó bá jẹ́ 192.168.1.1, a ó kọ ping -n 50 192.168.1.1, tó ń rán ìbéèrè àádọ́ta sí router. Lórí wáyà, èsì kò yẹ kó ju 1 ms tàbí 2 lọ (ms jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá), ọ̀kan kò sì gbọdọ̀ sọnù.

Wáyà gan-an ló ń tan ènìyàn jù. Okùn mẹ́jọ ló wà nínú Cat5e, irú wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan, tí a lọ́ mọ́ra ní méjì-méjì. Ìyára 1000 Mbps (mílíọ̀nù bit ní ìṣẹ́jú àáyá kan) ń lo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ. 100 Mbps kò lò ju okùn tó wà ní ipò 1, 2, 3 àti 6 lórí wáyà lọ. Bí okùn 4, 5, 7 tàbí 8 bá já, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ á rọra bọ́ sí 100. Íntánẹ́ẹ̀tì á ṣì máa lọ, ẹnikẹ́ni ò ní fura, àmọ́ fáìlì 1 GB tó yẹ kó gba nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá á gba ìṣẹ́jú kan ààbọ̀.

Àṣìṣe kan tún wà tí tẹ́sítà oníná lásán, tó kàn ń tan iná fún okùn kọ̀ọ̀kan tí kò já, kì í rí. Ìlànà T568B, tí a fi ń to okùn sí orí wáyà, to àwọ̀ báyìí láti ipò 1 dé 8: funfun-ọsàn, ọsàn, funfun-ewé, búlúù, funfun-búlúù, ewé, funfun-búráùn, búráùn. Ẹni tó bá to ewé méjèèjì tẹ̀lé ara wọn ní 3 àti 4, tó sì ṣe bákan náà ní orí kejì, á rí iná mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó tàn, nítorí kò sí okùn tó já. Àmọ́ 3 àti 6 kì í ṣe méjì tí a lọ́ mọ́ra mọ́, ariwo okùn kan á máa wọ inú òmíràn. Orí náà ni kí a gé, kí a tún un tẹ̀, kí ibi tí a tú sílẹ̀ má sì ju 13 mm lọ.

Bí gbogbo ọ́fíìsì bá dákú lẹ́ẹ̀kan náà, tí iná switch (àpótí tí wáyà ọ́fíìsì ti ń pàdé) ń ṣẹ́jú pọ̀ láìsinmi, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ki orí méjèèjì wáyà kan bọ inú switch kan náà. Iṣẹ́ tí ẹ̀rọ kan rán sí gbogbo ẹ̀rọ á máa yí po níbẹ̀ láìdúró. À ń yọ wáyà lọ́kọ̀ọ̀kan títí iná á fi rọlẹ̀. Èyí tí a yọ gbẹ̀yìn ni a ó tọ ipa rẹ̀ dé ìdí.